Ẹran-ara Ni Máíkírosíkóòpù Ń Kà, Kì Í Ṣe Ọmọ

Gónádì ni àwọn oníṣègùn ń pe ẹ̀yà ara méjì tí ẹyin tàbí àtọ̀ ti ń wá. Lára obìnrin, ilé-ẹyin ni. Lára ọkùnrin, kórópọ̀n ni. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì níbẹ̀rẹ̀ oyún. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹran kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kíndìnrín ọlẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tó lè wò ó kó mọ ohun tí yóò dà. Jíìnì kan tó ń jẹ́ SRY, tí àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàwárí lórí kúrómósómù Y lọ́dún 1990, ló máa ń darí ẹran náà sọ́nà kórópọ̀n. Níbi tí kò bá sí, àwọn jíìnì mìíràn á darí rẹ̀ sọ́nà ilé-ẹyin. Ṣùgbọ́n ìrìn náà kì í fìgbà gbogbo tọ́. Ó lè dúró lágbedeméjì, ó lè yà sí méjì, tàbí kí gónádì dàgbà bó ṣe yẹ, kí họ́mọ́ònù wá kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè dé ayé pẹ̀lú ojú abẹ́ tí agbẹ̀bí yóò wò títí, tí kò ní lè fèsì nígbà tí bàbá ọmọ bá béèrè pé akọ ni tàbí abo.

Èrò kan ti gbilẹ̀ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láàárín ẹbí, láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, àti láàárín àwọn dókítà kan pàápàá. Èrò náà ni pé inú gónádì ni òtítọ́ wà. Kí wọ́n la inú ọmọ, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú gónádì rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Bí wọ́n bá bá kórópọ̀n níbẹ̀, ọkùnrin ni. Bí wọ́n bá bá ilé-ẹyin, obìnrin ni. Bí wọ́n bá bá méjèèjì, ọmọ náà kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe èkejì. Èrò yìí lágbára nítorí pé ó wọ aṣọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: láàbù wà nínú rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò tí dókítà fọwọ́ sí sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àṣìṣe ni, àṣìṣe tó ń pa àwọn ọmọ lára. Iṣẹ́ tí máíkírosíkóòpù mọ̀ ọ́n ṣe lórí gónádì pọ̀, kò sì sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ó lè sọ irú ẹran tó wà níbẹ̀, ó lè sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì ìbímọ wà nínú rẹ̀, ó sì lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò lè sọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Ẹni tó bá bi í ní ìyẹn ń bi í ní ohun tí kò sí lórí gíláàsì.

Èrò náà ní bàbá. Lọ́dún 1876, Edwin Klebs, dókítà ọmọ Jámánì tó ń ṣe ìwádìí àrùn, to àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí ìsọ̀rí nínú ìwé ńlá kan tó kọ lórí ohun tí àrùn ń sọ ẹ̀yà ara dà. Ó ní ẹni tí kórópọ̀n àti ilé-ẹyin bá wà lára rẹ̀ pọ̀ nìkan ni akọ-abo tòótọ́. Gbogbo àwọn yòókù, ohun yòówù kí ìrísí wọn jẹ́, bó ti wù kí wọ́n ti gbé ayé pẹ́ tó bí ọkùnrin tàbí bí obìnrin, ayédèrú ni wọ́n: ayédèrú lọ́nà ti ọkùnrin bí wọ́n bá ní kórópọ̀n, lọ́nà ti obìnrin bí wọ́n bá ní ilé-ẹyin. Obìnrin tó ti wà nílé ọkọ fún ogún ọdún lè tipa bẹ́ẹ̀ di ọkùnrin lójú àwọn dókítà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Alice Dreger, òpìtàn ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1998, pe àkókò tó wà láàárín nǹkan bí 1870 sí 1915 ní Sáà Gónádì. Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí àwọn tó jogún èrò Klebs kì í sábà rántí. Nígbà tó ń kọ ìwé rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè gé gónádì ẹni tó wà láàyè wò láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Ara òkú ni wọ́n ti ń rí ẹ̀rí tó pé. Ìlànà tí òkú nìkan lè kúnjú ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n wá fi ń dájọ́ fún alààyè. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ wá rọrùn díẹ̀, tí wọ́n ń bá kórópọ̀n lára àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí obìnrin, ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lọ́dún 1915, William Blair Bell, dókítà àìsàn obìnrin ní Liverpool, sọ ọ́ síta pé gónádì nìkan kò tó láti fi dájọ́, pé odindi ènìyàn ni kí wọ́n máa wò. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti sọ ọ́. Ó dunni pé ohun tó tako nígbà náà ṣì ń darí ọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ìbímọ.

Ó yẹ láti mọ ohun tí dókítà patọ́lọ́jì ń rí gan-an. Ẹran tí wọ́n gé fún un lè má ju hóró ìrẹsì kan lọ. Inú fọ́málínì ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí kó má bàa jẹrà. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọtí líle fa omi ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á rì í sínú ìda gbígbóná, bí ìda bá sì ti tutù, ó di búlọ́ọ̀kù kékeré kan. Ẹ̀rọ ọlọ́bẹ kan á wá rẹ́ ẹ, ìnípọn ègé kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 1,000 milimítà lọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á sì fi aró méjì pa á: hematoxylin tó ń sọ kókó inú sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ ẹ̀lú, àti eosin tó ń sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Lórí gíláàsì yìí, kórópọ̀n ọmọ ọwọ́ jẹ́ ọ̀pọ̀ òrùka wẹ́wẹ́ tó fara ti ara wọn. Òrùka kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé ọ̀pá-àtọ̀ kan kọjá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Sertoli ló tò yí inú òrùka náà ká, sẹ́ẹ̀lì ìbímọ díẹ̀ sì fọ́n ká sáàárín wọn, wọ́n tóbi jù wọ́n lọ, inú wọn sì mọ́. Ilé-ẹyin ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló dì mọ́ra nínú rẹ̀, àpò-ẹyin sì kún etí rẹ̀ lọ jàra, ẹyin kan nínú àpò kan, tí ìpele sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo yí i ká. Ẹran méjèèjì lè wà lára ènìyàn kan, yálà nínú gónádì kan náà, tàbí ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Ìpàdé àwọn onímọ̀ tó wáyé ní Chicago ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, tí ìpinnu rẹ̀ jáde lọ́dún 2006, ló ní kí wọ́n máa pe ìyẹn ní ovotesticular DSD, kí wọ́n sì pa orúkọ tí Klebs fún un tì.

Ìlànà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ le, ó sì yẹ kó le: ọ̀pá-àtọ̀ gbọ́dọ̀ wà lápá kan, àpò-ẹyin tí ẹyin wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lápá kejì. Ẹran tó kàn jọ ti ilé-ẹyin kò tó. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé jù lọ. Kórópọ̀n tí kò dàgbà dáadáa lè ní awọ tó nípọn lẹ́yìn, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń yí po gẹ́lẹ́ bíi ti ilé-ẹyin. Dókítà tí kò bá wá ẹyin kó tó kọ̀wé yóò kọ pé ilé-ẹyin ni. Gónádì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní streak, okùn ẹran funfun kan tí kò ní ọ̀pá-àtọ̀, tí kò ní ẹyin. Òun náà jọ ẹran ilé-ẹyin. Lára ọmọ tó ní kúrómósómù X kan ṣoṣo, ẹyin lè wà nínú gónádì náà nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀, kí gbogbo wọn sì kú tán kó tó bàlágà. Gónádì kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ ilé-ẹyin lójú ẹni tó kà á lọ́mọ oṣù mẹ́ta, kó sì jẹ́ streak lójú ẹni tó kà á lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn onímọ̀ bíi Martine Cools àti Leendert Looijenga ti ṣàlàyé irú mìíràn: ẹran tí sẹ́ẹ̀lì ìbímọ fọ́n ká sínú rẹ̀ láìsí ọ̀pá, láìsí àpò, gónádì tó dàgbà láìyan ọ̀nà kankan. Aró pàtàkì wà tó lè ran dókítà lọ́wọ́. Èyí tó ń wá purotéènì SOX9 á jáde nínú sẹ́ẹ̀lì Sertoli, èyí tó ń wá purotéènì FOXL2 á jáde nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká. Ṣùgbọ́n owó ni, ọ̀pọ̀ láàbù ní Nàìjíríà sì ń fi aró méjì àkọ́kọ́ nìkan ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí wọ́n fi ṣe adájọ́ bá ń dá streak mọ̀ yàtọ̀ sí ilé-ẹyin pẹ̀lú ìṣòro, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ń yí padà bí ọjọ́ orí ọmọ ṣe ń yí padà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìdájọ́ ẹ̀mí sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti gé ẹran náà tún wà níbẹ̀. Kárí ayé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹran méjèèjì wà lára wọn ló ní kúrómósómù XX, láàárín àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà sì ni èyí ti hàn jù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní SRY rárá, ohun tó wá sọ apá kan gónádì wọn di kórópọ̀n kò sì tíì yé àwọn olùwádìí tán. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ wọn jù. Lọ́dún 2009, R. Wiersma àti P. K. Ramdial, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Durban, tẹ ìwádìí jáde lórí gónádì àwọn aláìsàn 111. Nínú àwọn gónádì kan, kórópọ̀n wà ní ìkángun kan, ilé-ẹyin wà ní ìkángun kejì, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú àwọn mìíràn, ẹran ilé-ẹyin ló bo òde, kórópọ̀n wà nínú lọ́hùn-ún. Dókítà tó bá bu díẹ̀ lójú òde gónádì bẹ́ẹ̀ yóò gbé ilé-ẹyin gidi lọ sí láàbù, láàbù yóò kọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n gbé wá, ìwé náà yóò sì ṣi gbogbo ènìyàn lọ́nà. Ọmọ tí wọ́n tìtorí ìwé yìí pè ní obìnrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn ọkùnrin nígbà tó bá ń bàlágà. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ìbéèrè náà ni kò yẹ ẹni tí wọ́n bi.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e níbi tó yẹ, tí ẹni tó kà á sì mọṣẹ́ rẹ̀, gónádì àti ìgbésí ayé kì í fìgbà gbogbo bá ara wọn mu. Lọ́dún 1953, John Morris ti Yunifásítì Yale ṣàkójọ ìtàn ènìyàn 82 tí wọ́n ní kórópọ̀n nínú ikùn tàbí ní abẹ́nú, ṣùgbọ́n tí ara wọn kò gbọ́ èdè họ́mọ́ònù ọkùnrin rárá. Wọ́n ní ọmú, wọn kò ní irùngbọ̀n, obìnrin ni wọ́n lójú ìyá tó bí wọn, lójú ọkọ tó fẹ́ wọn, àti lójú ara wọn. Ohun tó ń gbé irú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ni nǹkan oṣù tí kò wá. Kí ni máíkírosíkóòpù yóò sọ nípa wọn? Kórópọ̀n ni yóò sọ, òtítọ́ ló sì sọ. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn sọ fún obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún pé ọkùnrin ni kò sọ òtítọ́ kankan fún un; ó kó àbájáde láàbù, ó fi bà á láyé jẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni ti ọmọ tí àìsàn ẹ̀yà ara orí kíndìnrín ń bá jà, èyí tí wọ́n ń pè ní CAH. Láàárín àwọn ọmọ tó ní kúrómósómù XX tí ojú abẹ́ wọn kò hàn gbangba, àìsàn yìí ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ilé-ẹyin wọn pé, ilé ọmọ wọn pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èròjà kan tó yẹ kó bá ara ṣe họ́mọ́ònù cortisol kò ṣiṣẹ́, ohun èlò rẹ̀ wá kó jọ, ó di họ́mọ́ònù ọkùnrin, ó sì mú ojú abẹ́ ọmọbìnrin náà jọ ti ọmọkùnrin. Nínú irú rẹ̀ tó le jù, ara ọmọ kò lè di iyọ̀ mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á rẹ̀ ẹ́, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á sì kú bí kò bá sí ẹni tó mọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gé nínú gónádì ọmọ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi wo iyọ̀ ara àti họ́mọ́ònù, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyàwòrán inú ikùn tó lè fi ilé ọmọ hàn, ni yóò gbà á là. Wọ́ọ̀dù tó bá ń wá ọjọ́ tí wọn yóò gé gónádì rẹ̀ wò ń fi àkókò ẹ̀mí ọmọ ṣòfò.

Àwọn tó di èrò gónádì mú máa ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí gbèjà ara wọn: gónádì ni orísun ìran, nítorí náà òun ló yẹ kó dájọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo fún ìran tó ka ọmọ sí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ òun gan-an ló tako wọn. Kórópọ̀n tí Morris kọ̀wé nípa rẹ̀ kò lè sọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn di bàbá ọmọ. Ní òdìkejì, wọ́n ti rí lára àwọn tó ní ẹran méjèèjì, tí wọ́n tọ́ bí obìnrin, tó lóyún tó sì bímọ. Orúkọ tí ẹran ń jẹ́ kò sọ bóyá yóò so èso. Bí ọmọ bíbí bá jẹ wọ́n lógún lóòótọ́, dídá ẹran tó dára sí ló yẹ kí wọ́n máa jà fún.

Fún àdúgbò bí Ìjọra Badia ní Èkó, àwọn tó di èrò náà mú tún ní àwíjàre kan tó dà bíi pé kò ṣe é dá lóhùn: owó. Láàárín ojú irin tó lọ sí Àpápá àti ọgbà gbọ̀ngàn eré orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú ni àdúgbò náà wà. Àwọn tí ìjọba lé kúrò ní abúlé Olúwọlé lọ́dún 1973, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Iṣẹ́ òòjọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń sanwó ìwòsàn, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn tó ń gbèjà èrò yìí á ní àyẹ̀wò kúrómósómù wọ́n, ti họ́mọ́ònù wọ́n, ọ̀nà wọn sì jìn. Gígé ẹran wò ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ kó dájọ́ kí ẹbí lè máa bá ayé wọn lọ.

Ìṣirò yẹn kò tọ́. Gígé gónádì wò kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni: ó gba kí wọ́n kun ọmọ lóorun, ó gba iṣẹ́ abẹ nínú ikùn, ó sì gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìwé tó jáde. Ohun tó yẹ kó ṣáájú kò gba ọ̀bẹ. Agbẹ̀bí tó bá fi ìka kan abẹ́nú ọmọ ti ṣe àyẹ̀wò pàtàkì: gónádì tí ọwọ́ bá bà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ní ẹran kórópọ̀n nínú nígbà gbogbo, èyí tí ọwọ́ kò bá bà rárá lára ọmọ tí ojú abẹ́ rẹ̀ rú ni lójú gbọ́dọ̀ mú wọn ronú kan CAH lójú ẹsẹ̀. Yíya àwòrán inú ikùn àti yíyẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò kì í ṣe iṣẹ́ tó ju agbára ilé ìwòsàn gbogbogbòò lọ, irú èyí tó wà ní Àjẹ̀rọ̀mí ní Ajégúnlẹ̀. Láti Badia sí Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó, wà, kò sì jìn. Láti ọdún 2012 ni Èkó ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ọmọdé láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìmọ̀ họ́mọ́ònù, ní ilé ìwòsàn LUTH, pẹ̀lú akitiyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiọ́lá Odùwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹbí tí wọ́n bá tọ́ sọ́nà ibẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti rí ohun tí ìwé láàbù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè fún un.

Wọ́n á tún ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò ní dúró de ìwádìí. Lóòótọ́ ni, ọjọ́ kẹjọ kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé láàbù pàápàá kì í tètè tó bẹ́ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé gígé ẹran kò yanjú ìṣòro tí wọ́n ní ó yanjú. Orúkọ Yorùbá tó pọ̀ jù lọ ni ọkùnrin ń jẹ́ tí obìnrin náà sì ń jẹ́: Tèmítọ́pẹ́, Ayọ̀délé, Olúwaṣeun. Ẹbí lè sọ ọmọ lórúkọ, kí wọ́n kó ènìyàn jọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí ìwádìí sì máa lọ ní tirẹ̀.

Ibi tí máíkírosíkóòpù ti ní ọ̀rọ̀ tó lágbára jù lọ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n fi sí. Lọ́dún 1953 kan náà, Robert Scully ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe kókó kan tó pè ní gonadoblastoma, ìṣù sẹ́ẹ̀lì ìbímọ pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ Sertoli, tó máa ń hù nínú gónádì tí kò dàgbà dáadáa. Lọ́dún 1972, Niels Skakkebaek ní Denmark ṣàwárí ìpele àkọ́kọ́ jẹjẹrẹ kórópọ̀n, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì burúkú ṣì wà nínú ọ̀pá-àtọ̀ tí kò tíì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mọ̀ pé apá kan kúrómósómù Y gbọ́dọ̀ wà kí gonadoblastoma tó lè hù. Gónádì kọ̀ọ̀kan kò sì ní ewu kan náà. Gẹ́gẹ́ bí ìpinnu Chicago ṣe kó o jọ, ewu jẹjẹrẹ jẹ́ 15 sí 35 nínú 100 fún gónádì tí kò dàgbà dáadáa, tó ní Y, tó sì wà nínú ikùn; ó jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100 fún ẹran méjèèjì pọ̀, ó sì jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 100 fún irú àwọn obìnrin tí Morris kọ̀wé nípa wọn. Kò sí ẹni tó lè ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ tán láìka ẹran wọn. Níbẹ̀ náà, ìṣọ́ra ṣe kókó. Aró OCT3/4 máa ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó tún máa ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ìbímọ ọmọ ọwọ́ tó kàn pẹ́ láti gbó. Ẹni tí kò bá mọ oṣù tí ọmọ náà jẹ́, tí kò sì wo bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà láàárín ọ̀pá tàbí wọ́n ti jókòó ti etí rẹ̀, lè pe ìdàgbàsókè tó fà sẹ́yìn ní jẹjẹrẹ, kí wọ́n sì yọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n yọ.

Àríyànjiyàn tó le jù nípa Badia wà níhìn-ín. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ilé ní Badia East. Amnesty International ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000 ènìyàn tó kàn. Wọ́n tún wó òmíràn níbẹ̀ lọ́dún 2015. Ẹbí tí wọ́n wólé lé lórí lè má rí káàdì ilé ìwòsàn kó, wọ́n lè sùn sábẹ́ bíríìjì, wọ́n lè kó lọ sí Ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn kan wá ní: ta ni yóò máa ṣọ́ gónádì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún? Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lọ́mọdé, kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀dájú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ yóò padà wá pẹ̀lú ìṣù nínú ikùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í parí níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n yọ gónádì rẹ̀ kò ní bàlágà fúnra rẹ̀. Yóò nílò họ́mọ́ònù láti nǹkan bí ọdún mọ́kànlá títí di àgbà, bí kò bá sì rí i, egungun rẹ̀ yóò máa sọ agbára nù. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n ní kò lè dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n fẹ́ sọ di ẹni tí yóò máa ra oògùn lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gónádì tí ewu rẹ̀ pọ̀, tí kò ní ṣe họ́mọ́ònù kankan, tó wà nínú ikùn, kí wọ́n yọ ọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Èyí tí ewu rẹ̀ kéré, tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ kórópọ̀n tó wà lókè ikùn lára ọmọ tí wọ́n ń tọ́ bí ọkùnrin, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, níbi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti lè tètè bá kókó bó bá hù. Àìrílégbé àwọn ènìyàn Badia jẹ́ ohun tí ìjọba dá sílẹ̀. Kò yẹ kí ara ọmọ san gbèsè rẹ̀.

Ìwé láàbù tó dára ní ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Yóò sọ apá tí wọ́n ti gé ẹran náà, ìwọ̀n rẹ̀, àti bóyá gbogbo rẹ̀ ni tàbí díẹ̀. Yóò sọ ẹran tí wọ́n rí lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀pá-àtọ̀, àpò-ẹyin, ẹran streak, ẹran tí kò yan ọ̀nà. Yóò sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì ìbímọ wà, bóyá gonadoblastoma tàbí ìpele àkọ́kọ́ jẹjẹrẹ wà, àti aró tí wọ́n lò. Níbi tí kò bá dá dókítà lójú, yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ìda náà kò gbọdọ̀ di ohun ìdànù, nítorí pé ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́, aró tí láàbù kò lè rà lónìí sì lè jẹ́ èyí tí òmíràn yóò fi kà á lọ́la. Orúkọ ẹran nìkan ni yóò wà ní ìparí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ bóyá kí wọ́n tọ́ ọmọ bí ọkùnrin tàbí bí obìnrin wà lọ́wọ́ àwọn òbí pẹ̀lú àwọn dókítà họ́mọ́ònù, oníṣẹ́ abẹ àti onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo kúrómósómù, bí ara ṣe ń gbọ́ họ́mọ́ònù, àti ohun tí ọmọ náà lè dà lọ́la. Níbi tí fọ́ọ̀mù láàbù bá sì ti béèrè akọ tàbí abo, ohun tí àwọn òbí sọ nígbà tí wọ́n mú ọmọ wá ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, kó sì wà bẹ́ẹ̀ àfi bí àwọn òbí, tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà, bá ní kí wọ́n yí i padà.